Spot 42, Abẹ́rẹ́ Tí Kì Í Ṣe Mímì

Ní ọjà Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ta wàrà. Omi ewé bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n fi ń mú mílíìkì dì, ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ sì máa ń bá omi lọ. Lactose ni ṣúgà yẹn ń jẹ́. Ẹni tó bá mu mílíìkì fúnra rẹ̀ ló máa gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú The Lancet. Nínú àwọn àgbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, ikùn ọ̀pọ̀ jù lọ kò lè gé lactose. Ti ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè gé e. Ibo wá ni ṣúgà tí ikùn kò gé ń lọ? Ìfun ńlá ni, níbi tí bakitéríà ti ń dúró dè é.

Ọ̀kan lára bakitéríà inú ìfun ni E. coli, tí Theodor Escherich, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe ní 1885. Glucose àti galactose tó so pọ̀ ni lactose. E. coli lè jẹ méjèèjì, àmọ́ glucose ló fẹ́ràn jù. Tí glucose bá ti wà, á fọwọ́ rọ́ ìyókù sẹ́yìn. Ta ló ń sọ fún un pé kó dúró ná?

Ní 1961, François Jacob àti Jacques Monod ní Paris sọ pé nǹkan kan ló ń dá jíìnì lẹ́kun, wọ́n sì rò pé ó lè jẹ́ RNA. Ní 1966, Walter Gilbert àti Benno Müller-Hill ní Amẹ́ríkà mú èyí tó ń dá jíìnì lactose lẹ́kun: pùròtéènì ni. Bí gbogbo ojú ṣe yí sí pùròtéènì nìyẹn.

Ní 1973, Ikemura àti Dahlberg ya àwọn RNA kéékèèké inú E. coli sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Spot 42. Lẹ́tà 109 péré ni gígùn rẹ̀, wọ́n sì rò nígbà náà pé kò ní ìlànà pùròtéènì kankan nínú. Nígbà tó yá, wọ́n pa jíìnì rẹ̀ rẹ́, bakitéríà ò sì kú. Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀?

Èmi tí mo ń fi kóòdù jẹun mọ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Kò gbé nǹkan kan jáde sójú sikíríìnì. Ẹ pa á rẹ́, áàpù ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ wá rò pé kò wúlò. Àṣé òun ló ń sọ fún ìlà mìíràn pé kó má tíì ṣe nǹkan.

Ní 2002, Poul Valentin-Hansen àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark rí ìdáhùn. RNA kan wà tó gbé ìlànà pùròtéènì mẹ́rin fún iṣẹ́ galactose. Ẹ̀kẹta ló ń bẹ̀rẹ̀ jíjẹ galactose. Àwọn kan nínú ìyókù ṣì ní ohun mìíràn tí wọ́n ń ṣe, irú bíi títún awọ ara bakitéríà ṣe. Tí glucose bá pọ̀, Spot 42 náà á pọ̀, á lẹ̀ mọ́ ibi tí kíka ẹ̀kẹta ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, á sì bò ó. Ìyókù ń lọ ní tiwọn. Tí glucose bá tán, Spot 42 á dín kù, ọ̀nà á là.

Ní 2011, Chase Beisel àti Gisela Storz fi hàn pé kì í ṣe galactose nìkan: ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí E. coli fi ṣe àṣàyàn kejì ló ń dá dúró bẹ́ẹ̀.

Inú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí gbogbo èyí, kì í ṣe nínú ikùn ará Òkè-Ògùn. Àmọ́ láti 1973 dé 2002, ọdún 29 ni Spot 42 fi wà lójú táyé láìsí ẹni tó mọ ohun tó ń dì mú, torí pé pùròtéènì tó bá jáde ni wọ́n fi ń mọ òṣìṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Èyí tó ń sọ pé “ó tó, dúró ná” náà ń ṣiṣẹ́.