Ká Ní Ogun Ìmàgbọn Dúró fún Oṣù Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ìbò kan tí wọ́n dì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Keje ọdún 1892. Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kan Ìjẹ̀bú-Òde nínú rẹ̀. Ó kàn án gan-an ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti Èkó wá ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, létí odò Yemọjí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ Òde. Kò sì tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí tí ìjọba tí ó fàṣẹ sí ogun náà fi ṣubú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ká ní Ìjẹ̀bú rọ́gbọ́n dá a dúró títí di oṣù Kẹjọ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ni ó di ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ òkè mú. Ẹrù tí ó bá ti Èkó bọ̀, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni yóò gbà kọjá. Epo àti ẹ̀kùrọ́ tí ó bá ń ti òkè bọ̀, bákan náà ni. Ibẹ̀ ni èrè wà, ibẹ̀ náà ni agbára ìlú wà. Ní 1891, Denton tí ń ṣe adelé gómìnà Èkó wá sí Òde, wọ́n sì kọ ẹ̀bùn tí ó gbé wá. Èkó ka èyí sí àfojúdi. Ní oṣù Kìíní 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ lọ bá Gómìnà Gilbert Carter ní Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn pé kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láìgba owó oníbodè, kí Èkó sì máa san 500 pọ́ùn lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ náà kò fọwọ́ ara wọn sí ìwé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tí ń gbé Èkó ni ó fọwọ́ sí i ní orúkọ wọn. (Ta ni ó fún àwọn méjèèjì ní ẹnu ìlú? Ìbéèrè tèmi nìyẹn.) Nígbà tí wọ́n tún dá òyìnbó ajíhìnrere kan padà lójú ọ̀nà, Carter ní Ìjẹ̀bú ti da àdéhùn.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe àti Ọbabìnrin Victoria ni ó jọ wà á kò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Túnwàṣe kì í dá ìlú ṣe: Ìlámùrẹ́n wà, Òṣùgbó wà, Pàǹpá tí í ṣe ohùn àwọn ará ìlú náà wà. Victoria pẹ̀lú ti wà lórí ìtẹ́ láti 1837, ṣùgbọ́n kò lè fi àṣẹ ara rẹ̀ nìkan rán ọmọ ogun kan ṣoṣo sí Ìjẹ̀bú. Lord Salisbury ni olórí ìjọba, Lord Knutsford ni ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lókè òkun wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó sì fún Carter láyè. Obìnrin ni ó jókòó lórí ìtẹ́, síbẹ̀ kò sí obìnrin kan tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan àwọn tí ń lo orúkọ rẹ̀.

Nínú ìbò oṣù Keje, ìhà ti Salisbury rí ìjókòó 315. Ẹgbẹ́ Liberal ti Gladstone rí 272, àwọn ọmọ Ireland 81 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 82 ni Gladstone, Victoria kò sì fẹ́ rí i sójú, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ó pè é. Ó gorí àga ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ. Nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni a ti rí àwọn tí ilẹ̀ tuntun ti sú; ọ̀rọ̀ Uganda fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká lọ́dún náà gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ìtàn hun yóò sọ pé irú ìjọba báyìí ì bá dá Carter lọ́wọ́ kọ́.

Bóyá. Ṣùgbọ́n Gladstone yìí kan náà ni olórí ìjọba nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá wó Alexandria ní 1882. Lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn wọn lórí Uganda pàápàá, wọn kò kúrò níbẹ̀. Ní 1894, wọ́n sọ ọ́ di ilẹ̀ abẹ́ ààbò wọn. Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ìdádúró lè mú wá ni irú èyí tí Ẹ̀gbá rí gbà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 1893, lábẹ́ ìjọba Gladstone, Carter bá wọn ṣe àdéhùn tí ó fi òmìnira wọn sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ìjọba tiwọn, kóòtù tiwọn àti owó ibodè tiwọn títí di 1914.

Ọdún mọ́kànlélógún! Ta ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀ fún Ìjẹ̀bú? Àmọ́ ibi tí okùn ti ta kókó nìyí. Ẹ̀gbá náà ti ọ̀nà wọn pa ní 1892. Ìròyìn Ìmàgbọn wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣí i: nǹkan bí 450 ọmọ ogun, pẹ̀lú ìbọn Maxim, ni ó borí ẹgbẹẹgbẹ̀rún jagunjagun. Ká ní ogun náà kò jà, kí ni Carter ì bá mú lọ́wọ́ dé Aké? A kò lè yá ìtàn Ẹ̀gbá fún Ìjẹ̀bú kí a má yọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Túnwàṣe kò kúrò lórí ìtẹ́ títí di 1895, àmọ́ àwọn sójà ti pàgọ́ sí ìlú rẹ̀. Lọ́dún 1895 náà ni Salisbury padà dé ipò. Carter ní tirẹ̀ kò tí ì kúrò ní Èkó: òun ni gómìnà lábẹ́ Salisbury, lábẹ́ Gladstone, lábẹ́ Rosebery tí ó tẹ̀ lé e, àti lábẹ́ Salisbury lẹ́ẹ̀kejì, títí di 1897.