Láti Orí Àpótí Dé Orí Fóòmù: Ọ̀rọ̀ Ìjókòó ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

 Ó dá mi lójú pé orí àga onífóòmù ni ọ̀pọ̀ nínú yín wà, tí ẹ sì fẹ̀yìn tì. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn bèèrè ibi tí ohun tí ó jókòó lé ti wá, àfi ìgbà tí ìdí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọ̀rọ̀ ìdí ríro yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìtàn. Bí a bá tọ ipasẹ̀ fóòmù dé ilẹ̀ Rẹ́mọ, a ó rí i pé ìmọ̀ àwọn baba wa nípa ìjókòó kò kéré rárá, a ó sì rí ohun tí àwa ọmọ wọn gbàgbé nígbà tí ohun rírọ̀ dé.

Kí fóòmù tó dé, orí ẹní àti orí àpótí ni àwọn ènìyàn wa ń jókòó. Ẹní wà fún àlejò àti fún ìsinmi, àpótí sì wà fún iṣẹ́. Ẹ wo àpótí tí ìyá alákàrà ń jókòó lé nídìí ààrò. Agbẹ́gi tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kì í jẹ́ kí ojú àpótí tẹ́ pẹrẹsẹ. A máa gbẹ́ àárín rẹ̀ wọnú díẹ̀, kí ó lè gba ìdí. Igi gbígbẹ ni, kò sí ohun rírọ̀ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìyá yìí lè wà lórí rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn yóò fi ga. Ohun méjì ni kò jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́: èkíní ni ọgbọ́n inú igi náà, èkejì ni pé ìyá náà kì í jókòó gbagidi. Yóò dìde bu omi, yóò yí síhìn-ín koná, yóò yí sọ́hùn-ún dá oníbàárà lóhùn. Ẹ jẹ́ kí a fi èkejì yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ohun rírọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Tìmùtìmù ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ rẹ̀ bá ti àwọn Haúsá mu, àwọn tí ń pe tiwọn ní tumtum, àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ sì mọ̀ ọ́n rán tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ohun ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ọba, ìjòyè àti àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu ni ó ń lò ó. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé nínú èdè wa ìjókòó àti ipò kò jìnnà síra wọn: bí a bá fi ènìyàn jọba, a ní ó gorí àpèrè. Àkísà, koríko gbígbẹ tàbí òwú àràbà ni wọ́n ń kì sínú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí. Òwú àràbà fúyẹ́, kì í tètè mu omi; nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń kì í sínú ẹ̀wù tí ń mú kí atukọ̀ léfòó bí ọkọ̀ ojú omi bá rì. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí a bá jókòó lé e títí, yóò dì mọ́ra. A ó ní láti máa sá a sóòrùn, kí a sì máa fi ọ̀pá lù ú. Ẹni tí ó bá sun orí mátíráàsì olówùú àràbà nígbà èwe rẹ̀ mọ̀ pé kòtò àti gegele ni ilẹ̀ ń fi mọ́ òun.

Ọkọ̀ ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó jọ sí ojú kan ní Ṣágámù, láti gba ara wọn lọ́wọ́ ogun. Láàárín wọn ni Ọ̀fin wà, ìlú Akárìgbò. Nígbà tí ogun parí, òwò ni wọ́n dojú kọ, pàápàá òwò obì gbànja, èyí tí ó mú àwọn Haúsá wá tẹ̀dó sí Sábó. Nígbà tí mọ́tò dé, Ṣágámù wá bọ́ sójú ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ìbàdàn. Bọ́lẹ̀kájà ni ọkọ̀ ìgbà náà, pákó sì ni ìjókòó inú rẹ̀. Àwọn èrò a kọjú síra wọn, orúnkún a kan orúnkún, ẹrù a wà láàárín ẹsẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, àyè kò sí láti jà á nínú ọkọ̀, ni a fi ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lọ jà á. Ní tèmi, mo rò pé pákó náà dá sí ìjà ọ̀hún. Ènìyàn tí ó wà lórí àpótí nílé lè dìde nígbà tí ó bá wù ú. Èrò ọkọ̀ kò lè dìde. Ibi tí a bá ti há ìdí mọ́ ojú kan fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà náà ni ohun tí a jókòó lé di ọ̀ràn.

Ohun kan náà ni ó ń ṣe àwọn òyìnbó nílẹ̀ wọn. Ní ọdún 1929, ní ilé iṣẹ́ Dunlop ní Birmingham, E. A. Murphy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ohun tuntun tí a lè fi oje igi rọ́bà ṣe. Wọ́n gbé oje náà sínú ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń po kéèkì, wọ́n pò ó títí ó fi hó, tí ó sì kún fún afẹ́fẹ́. Wọ́n wá sè é kí ó lè dì bẹ́ẹ̀. Kò sí alákàrà kan ní Ìpẹru tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́ tí ọgbọ́n yìí yóò rú lójú. Ẹ̀wà tí a kò bá pò dáadáa, àkàrà rẹ̀ yóò le bí òkúta. Èyí tí a bá pò tí afẹ́fẹ́ fi wọ inú rẹ̀ ni í wú nínú epo. Àkàrà rọ́bà ni Murphy dín, bí mo bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi dé orí ìjókòó ọkọ̀ àti inú mátíráàsì.

Oríṣi kejì, èyí tí ó pọ̀ jù lọ lọ́jà wa nísinsìnyí, kò ti ara igi wá. Ní ọdún 1937, ní ìlú Leverkusen ní Jámánì, Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ọ̀nà láti da èròjà olómi méjì pọ̀ kí wọ́n di ohun kan tí ń jẹ́ polyurethane. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n tó fi ṣe fóòmù rírọ̀ fún ọjà. Bí omi díẹ̀ bá wà nínú àdàlù náà, afẹ́fẹ́ yóò jáde láti inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì ru sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pò ó. Ara epo rọ̀bì ni púpọ̀ nínú èròjà rẹ̀ ti ń wá.

Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ìkẹjà ni ó gbà wá. Nígbà náà, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà. Ọdún 1967 ni ó tó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣe Olórí fún láti 1954 dé 1959 ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1962 ni a dá ilé iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn British Vita láti ẹ̀bá Manchester. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún yẹn. Ìjọba àpapọ̀ ti gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn láti ìparí oṣù Karùn-ún, wọ́n sì ti há Awólọ́wọ̀ mọ́ ojú kan. Ṣùgbọ́n òwò kò dúró de òṣèlú. Nígbà tí òpópónà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978, tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Ṣágámù kọjá, fóòmù ti di ohun tí ọkọ̀ ń já sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àga kúṣìn wá di ohun tí gbogbo ilé ń wá, àti ti tíṣà àti ti oníṣòwò.

Níhìn-ín ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. A rò pé ohun tí ó bá ga tí ó sì rọ̀ ni ó tura. Èmi pàápàá wà nínú àwọn tí ó rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n rán mi láti ilé ẹ̀kọ́ wa pé kí n lọ tún àga yàrá àwọn olùkọ́ ṣe lọ́dọ̀ oníṣẹ́ àga kan ní Ṣágámù. Mo nawọ́ sí fóòmù tí ó nípọn jù lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ má fi ojú ra fóòmù. Ẹ bá mi fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ̀ ẹ́.”

Mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi sì kan tábìlì. Ó ní bí ìdí mi yóò ti kan pákó nìyẹn.

Ohun tí ó kọ́ mi lọ́jọ́ náà bá ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ mu. Bí ènìyàn bá jókòó, orí egungun méjì tí ó wà nísàlẹ̀ ìbàdí ni ẹrù ara máa ń wà jù lọ. Iṣẹ́ fóòmù ni láti jẹ́ kí ara rì wọlé níwọ̀nba, kí ìdí àti itan lè bá egungun méjèèjì pín ẹrù náà. Bí ó bá le jù, egungun yóò dá ẹrù rù. Bí ó bá rọ̀ jù, yóò tẹ́ pátápátá, ọ̀ràn yóò sì padà sí orí pákó bọ́lẹ̀kájà. Líle fóòmù ọ̀tọ̀, wíwúwo rẹ̀ ọ̀tọ̀. A lè ṣe fóòmù tí ó fúyẹ́ kí ó sì le lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀ yóò ti rọ. Wíwúwo ni ó ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó. Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ: ìjókòó àga kan tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bí fóòmù náà bá jẹ́ irú èyí tí mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, mítà kan lóòró ókè rẹ̀ wọn kílò 30, ìjókòó náà yóò wọn gíráàmù 750. Bí ó bá jẹ́ oníkílò 16, gíráàmù 400 péré ni. Ìrísí wọn kò yàtọ̀. Ìwọ̀n oníṣu lásán ni yóò tú wọn fó.

Àwọn ilé iṣẹ́ ní ìdánwò mìíràn. Wọ́n á fi àwo irin róbótó tẹ fóòmù wọlé dé ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, wọ́n á wo ipá tí ó gbà; wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ dé ìdá márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ipá kejì bá tó ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti ìkíní, ìjókòó gidi nìyẹn: ó gba ènìyàn tọwọ́ tẹsẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó ṣubú wọ ìsàlẹ̀.

Oníṣẹ́ àga yìí kò ní àwo irin, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Fóòmù tí ó le ni ó fi sísàlẹ̀, ó lẹ èyí tí ó rọ̀ tí kò nípọn mọ́ ọn lórí. Ó gé etí iwájú rẹ̀ ní róbótó, kí ó má baà máa tẹ iṣan abẹ́ itan, èyí tí í mú kí ẹsẹ̀ kú. Ó gé fóòmù náà tóbi díẹ̀ ju aṣọ tí yóò wọ̀ ọ́ lọ, kí ojú rẹ̀ lè le. Ó kọ̀ láti fi awọ àtọwọ́dá bò ó, nítorí òógùn. Gbogbo ìgbà tí ó ń ṣe èyí, orí àpótí igi ni òun alára wà. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun kì í pẹ́ lórí ìjókòó kí òun tó dìde.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Lẹ́yìn tí owó náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, èròjà fóòmù tí a ń kó wá láti òkè òkun wọ́n gógó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ni a ń ta epo rọ̀bì. Fóòmù fífúyẹ́ sì rí ọ̀nà wọ ilé àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Iná pẹ̀lú jẹ́ ewu tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà: fóòmù yìí tètè ń gbiná, èéfín rẹ̀ sì ń pani. Lẹ́yìn iná tí ó pa ènìyàn mẹ́wàá ní ilé ìtajà Woolworths ní Manchester ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn ará Britain ń pariwo títí wọ́n fi ṣòfin ní 1988 lórí irú fóòmù tí ó lè wà nínú àga. Nílé wa, a ṣì ń gbé àtùpà àti oògùn ẹ̀fọn oníná sí ẹ̀gbẹ́ kúṣìn.

Àga mẹ́fà ni mo kó lọ sí Ṣágámù. Owó ilé ẹ̀kọ́ tó fún mẹ́rin lọ́nà tí oníṣẹ́ náà fẹ́. Fóòmù fífúyẹ́ ni a fi sí méjì tó kù. Kò tó sáà ẹ̀kọ́ méjì tí gbogbo olùkọ́ fi mọ àga méjèèjì náà láìfọwọ́ kàn wọ́n, olùkọ́ tí ó bá pẹ́ dé ni í sì bá wọn nílẹ̀.