Ta Ló Jẹ̀bi Ọkọ̀ 8017?

Ọ̀sán, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, 1944. Ebi ń pa ìlú Naples ní Ítálì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá ni ìlú náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì, tó sì bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò tíì padà sọ́jà. Ẹni tó bá rí sìgá tàbí bàtà rà lọ́wọ́ sójà á dì í lẹ́rù, ó di àwọn abúlé orí òkè ní Basilicata, níbi tí yóò ti fi gba ẹran, ẹyin àti òróró. Alájàpá ni wọ́n, bí ìjọba tilẹ̀ ń pè wọ́n ní oní-fàyàwọ́. Ọkọ̀ èrò kò tó nǹkan, nítorí náà ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń rọ́ wọ̀, tọkùnrin tobìnrin.

Nǹkan bí aago méje alẹ́. Ibùdókọ̀ Battipaglia, níwájú Salerno. Ọkọ̀ ojú irin 8017 fẹ́ gun òkè lọ sí Potenza. Láti ibí lọ, kò sí iná mànàmáná tí yóò fà á mọ́. Ẹ̀ńjìnnì eléèédú ló kù. Méjì ni wọ́n so mọ́ ọn, iwájú sì ni méjèèjì wà. Wágùnù 47 ló tẹ̀lé wọn, ìwọ̀n ẹrù náà sì lé ní 500 tọ́ọ̀nù. Èédú tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ èédú àsìkò ogun, èyí tí kì í jó dáadáa.

Bí mo bá jẹ́ agbẹjọ́rò fún ìdílé kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, Battipaglia ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló so ẹ̀ńjìnnì méjèèjì síwájú? Bí ọ̀kan bá wà lẹ́yìn tó ń tì í, àwọn tó ń wa tẹ̀yìn ì bá ṣì máa mí afẹ́fẹ́ ìta nígbà tí iwájú bá wọ inú ihò òkè. Ta ló fọwọ́ sí èédú yẹn fún ojú irin tó kún fún ihò abẹ́ òkè? Èédú tí kò bá jó tán ló ń tú carbon monoxide jáde lọ́pọ̀ yanturu. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gba ipò oxygen. Orí á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn, ẹsẹ̀ á rọ, oorun á sì kùn ún. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tó ń kú kì í mọ̀ pé ikú ló dé.

Ní Eboli, wọ́n lé àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn sì gun ọkọ̀ náà. Nígbà tí yóò fi dé Balvano, èrò tó wà lórí ẹrù àti láàárín ẹrù ti tó 600.

Aago méjìlá òru kọjá díẹ̀. Balvano-Ricigliano jẹ́ ibùdókọ̀ kékeré kan láàárín ihò òkè méjì. Ọkọ̀ 8017 dúró níbẹ̀ fún ohun tó ju ìlàjì wákàtí lọ, nítorí ọkọ̀ kan wà níwájú tí ojú irin kò tíì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ iwájú yẹn náà ti tú èéfín tirẹ̀ sínú ihò. Òru náà tutù, irin ń yọ̀, atẹ́gùn kò sì fẹ́ tí ì bá gbé èéfín jáde.

Ṣé ẹnì kan lè sọ pé òun kò mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀? Ní oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ṣáájú, èéfín ti mú àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ ológun Amẹ́ríkà kan nínú ihò òkè mìíràn ní ojú irin kan náà. Nínú ẹjọ́ àìbìkítà, ìbéèrè tó wúwo jù ni bóyá ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lè rí ewu náà kó tó dé. Lójú tèmi, oṣù Kejì yẹn ti dáhùn rẹ̀.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ gbéra. Bella-Muro ni ibùdókọ̀ tó kàn, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí i. Láàárín wọn ni ihò tí wọ́n ń pè ní Galleria delle Armi wà. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì, ó sì ń gòkè.

Nǹkan bí aago kan òru. Ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì ń yí lójú kan, kò lọ síwájú. Ọkọ̀ dúró. Ó ku ìwọ̀nba wágùnù tó gbẹ̀yìn níta, gbogbo ìyókù ti wà nínú òkùnkùn. Àwọn tó ń kó èédú sínú iná ń kó o kíkankíkan kí agbára lè pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ìṣòro gan-an ni wọ́n ń kó síná. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ẹ̀ńjìnnì náà wò lẹ́yìn náà, wọ́n bá ọ̀kan tí wọ́n ti yí sí ìrìn ẹ̀yìn, èkejì ṣì wà ní ìrìn iwájú. Awakọ̀ kan ti pinnu láti padà. Èkejì ń ti ọkọ̀ síwájú. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè gbọ́ ara wọn nínú ariwo àti èéfín yẹn. Èmi kò lè di ẹ̀bi ru àwọn tó wà nínú ilé ẹ̀ńjìnnì lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tó ṣètò ìrìnnà náà ni ìbéèrè kàn.

Àwọn èrò ń sùn. Àárín òru ni, ó ti rẹ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kò sì jí mọ́.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yẹ kí Bella-Muro ti rí iná ọkọ̀. Wọn kò rí i. Lásìkò ogun, kí ọkọ̀ pẹ́ kì í ṣe ìròyìn.

Nǹkan bí aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Wáyà ń lọ láàárín ibùdókọ̀ méjèèjì: ọkọ̀ dà? Ọ̀kan sọ pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ òun, èkejì ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Ó ti lé ní wákàtí kan àbọ̀ tó ti kúrò ní Balvano. Ní ilé ẹjọ́, wákàtí yìí nìkan lè jẹ́ ìpín ẹjọ́ tó dá dúró, nítorí ẹni tó ń mí carbon monoxide lè yè tí wọ́n bá gbé e síta ní kíákíá.

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó bíréèkì lẹ́yìn ọkọ̀ fẹsẹ̀ rìn padà dé Balvano, ó sì ròyìn. Láìpẹ́ wọ́n rán ẹ̀ńjìnnì kan lọ. Ó débẹ̀, kò lè fa ọkọ̀ náà jáde, torí òkú wà lórí irin. Àwọn tó wà láàyè nínú wágùnù ẹ̀yìn ni wọ́n kó.

Òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ náà fà padà sí Balvano, wọ́n tẹ́ àwọn òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ibùdókọ̀. Iye tí ìjọba kà ni 517. Àwọn mìíràn sọ pé ó lé ní 600. Ọ̀pọ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn, inú kòtò àpapọ̀ ní ibi ìsìnkú Balvano ni wọ́n sin wọ́n sí.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù náà ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì sí ìwé kankan. Èédú ni ìjọba nàka sí, ogun ló sì mú èédú náà wá. Nígbà tí àwọn ẹbí pe rélùwéè lẹ́jọ́, èsì tí wọ́n gbà ni pé àwọn òkú kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹbí ní àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ẹ ronú sí i: wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn láti wọ ọkọ̀ ẹrù, wọ́n tún fẹ́ sọ pé èèyàn kò yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ẹrù.

Òfin kò ṣaláì sí. Ìwé òfin Ítálì ti ọdún 1942, ní ẹsẹ̀ 2043, sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀bi tirẹ̀ ṣe ẹlòmíràn níbi gbọ́dọ̀ san án. Ẹsẹ̀ 1681 di ẹrù ru ẹni tó ń gbé èrò: òun ni yóò fi hàn pé òun ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti dènà ewu, kódà bí ọ̀fẹ́ ni wọ́n bá ṣàdéhùn ìrìnnà náà. Ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láti Battipaglia dé Bella-Muro wé ẹsẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, owó gbà-má-bínú jáde. Ilé iṣẹ́ ìṣúra ìjọba ló san án, wọ́n sì pe àwọn òkú ní ẹni tí ogun pa. Owó dé ọwọ́ àwọn kan tó nílò rẹ̀, n kò sì ní bú ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ọ̀ràn ogun ni ìbéèrè nípa rélùwéè kú.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ojú irin náà lẹ́yìn ikú wọn nìyí: wọ́n pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe wúwo ju 350 tọ́ọ̀nù lọ, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ihò Armi láti rí i pé èéfín ti lọ kí ọkọ̀ mìíràn tó wọlé. Kò sí ẹ̀rọ tuntun kankan nínú méjèèjì. Wọ́n lè ṣe é ní oṣù Kejì.