Ìbánikẹ́dùn

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, "kẹ́dùn" ni etí máa ń gbọ́ jù, torí ibẹ̀ ni ẹ̀dùn wà, ohun tó ń dun ni. Lójú tèmi, "bá" tó ṣáájú ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Tí mo ní kí o bá mi gbé ẹrù, ó lè jẹ́ pé a ó jọ gbé e ni, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ nìkan ni wàá gbé e, tí ọwọ́ mi á dilẹ̀. Ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn ńkọ́? Ṣé ó kàn jókòó tì mí ni, àbí ó gbà lára ẹrù náà? Ẹnu tó ní "ẹ kú ará fẹ́ra kù" kò tíì dáhùn ìyẹn.

Sinimá Ítálì kan wà tó ń mú mi ronú lórí ìbéèrè yìí, Europa '51, tí Roberto Rossellini gbé jáde ní 1952. Ingrid Bergman ló ṣe Irene, ìyàwó olówó kan ní Róòmù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí àlejò kún ilé, Michele ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ kí ìyá gbọ́ tòun, ìyá ò ráyè. Ọmọ náà já bọ́ láàárín àtẹ̀gùn, ó sì kú lẹ́yìn náà. Irene wá gbọ́ pé àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ju ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Rossellini náà mọ ọ̀fọ̀ ọmọ: Romano tirẹ̀ kú ní 1946, fíìmù Germania anno zero ti 1948 ló sì fi ṣèrántí rẹ̀.

Ẹbí rọ Irene títí, wọ́n sì ń retí kó nu ojú nù. Àdúgbò àwọn tálákà ló forí lé. Ó pàdé Passerotto, tí Giulietta Masina ṣe, obìnrin tó ń tọ́ ọmọ rẹpẹtẹ nínú ahéré lẹ́bàá odò. Ó bá a wáṣẹ́. Lọ́jọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, Passerotto ní òun fẹ́ lọ rí ọkùnrin kan. Irene bá a lọ síbi iṣẹ́: òun gan-an ló wọlé, tó dúró ti ẹ̀rọ tó ń lọ láìsinmi, tí ariwo rẹ̀ bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Mi ò rí "bá" tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, torí ohun tó fà á kò tó nǹkan, Irene ò sì wádìí bóyá ó tọ́ sí obìnrin náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tọ́jú aṣẹ́wó kan tí ikọ́ ife ń pa lọ, títí tó fi kú.

Nígbà tó jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jalè sá lọ, tó sì ní kó lọ fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n gbé Irene lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Dókítà, àlùfáà àti adájọ́ bi í léèrè títí, kò sí èyí tó mọ ohun tí wọn ì bá pè é. Wọ́n tì í mọ́bẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù nínú fíìmù náà, ju ikú Michele lọ, torí ọkọ Irene àti ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i, àwọn tó kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn.