Káàdì Tárò Àwọn Mórò Kì í Ṣe Ọ̀pẹ̀lẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé káàdì tárò tí wọ́n fi àṣà àti ìtàn àwọn Moor yà, orí orúkọ àwọn èèyàn náà ni yóò ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ọdún 711 ni Tariq ibn Ziyad kó ọmọ ogun sọdá òkun sí Sípéènì. Ọdún 1492 ni Gránádà, ìlú ìkẹyìn tó kù, bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé ká pè wọ́n ní Lárúbáwá ni? Ọmọ Berber ló pọ̀ jù nínú ọmọ ogun Tariq. Ìmàle ńkọ́? Ìmàle kún Ìwó àti Ìbàdàn. Ará Mòrókò náà kò bá a mu, nítorí Sípéènì ni wọ́n bí baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ó sàn ká gbà á lẹ́nu àwọn ará Sípéènì fúnra wọn, ká pè wọ́n ní Mórò.

Ibi tó le jù ni ti káàdì gan-an. Gbàrà tí Yorùbá bá gbọ́ pé wọ́n ń fi nǹkan wo ọjọ́ iwájú, Ifá ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu: wọn a ní “Ifá òyìnbó”, wọn a sọ káàdì kọ̀ọ̀kan di odù. Àṣìpè ni. Ayò ni tárò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì ní nǹkan bí 1440, àwọn ìjòyè Milan àti Ferrara ló ń ta á. Ó lé ní 300 ọdún kí Etteilla tó sọ wíwò rẹ̀ di iṣẹ́ ní Faransé. Ẹni tó bá ń wá mọ̀lẹ́bí Ifá lọ́dọ̀ àwọn Mórò, yanrìn títẹ̀ ni kó lọ wò. Àmì mẹ́rìndínlógún ló ní, iye ojú odù gan-an. Hugo of Santalla ti túmọ̀ ìwé lórí rẹ̀ láti èdè Lárúbáwá sí Látìn ní Sípéènì ní ọ̀rúndún kejìlá, àwọn aáfà wa sì ń tẹ̀ ẹ́ dòní.

Mọ́sálásí ni ọ̀rọ̀ tó dùn jù fún àwọn káàdì olóyè wà. Láti Íjíbítì ayé àwọn Mamluk ni káàdì ti dé Yúróòpù; nígbà tó fi máa di 1377, Florence ti ń ṣòfin dè é. Àwọn ògbólógbòó káàdì Mamluk kan wà ní ààfin Topkapı ní Istanbul. Kò sí àwòrán èèyàn lára wọn, orúkọ oyè ni wọ́n kọ sí i: ọba, náíbì ọba, náíbì kejì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni àwọn ará Sípéènì ti rí naipe tí wọ́n ń pe káàdì. Nọ́íbì tó ń dúró fún Lèmọ́mù nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kí la tún ń wá kiri? Ọba, Nọ́íbì, Nọ́íbì Kejì: ó parí.

Ìdílé mẹ́rin ni káàdì Mamluk náà ní: ife, owó, idà àti ọ̀pá pólò. Pólò ṣàjèjì sí àwọn ará Yúróòpù ìgbà náà, ni ọ̀pá bá di kùmọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí òǹtúmọ̀ má sì pe owó yẹn ní owó ẹyọ o. Dírámù fàdákà ni.

Ẹni tí òyìnbó pè ní Fool kì í ṣe òmùgọ̀. Matto ni àwọn ará Ítálì ń pè é, ìyẹn wèrè. Nínú èyí tí wọ́n yà fún ìdílé Visconti àti Sforza, aṣọ rẹ̀ ti gbó, ìyẹ́ wà nírun rẹ̀. Àwọn káàdì àgbà 21 tó kù, trionfi ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́gun. Ajagunmólú bá wọn mu ju “awo ńlá” tí òyìnbó ń pè wọ́n lónìí lọ. “Káàdì àyẹ̀wò” náà kò ṣeé lò, ilé ìwòsàn lèèyàn yóò gbà lọ.

Àwọn Mórò kò kúkú ṣàjèjì sí tárò. Ní 1725, àlùfáà ìjọ kan ní Bologna tẹ káàdì tó kọ ọ́ sí lára pé ìjọba àdàlù ni ìlú náà ń lò. Inú bí aṣojú Póòpù, nítorí lójú tirẹ̀, Póòpù nìkan ló ni ìlú. Wọ́n dáná sun káàdì náà. Nígbà tí ìbínú rọlẹ̀, àṣẹ jáde pé kí wọ́n yọ Póòpù àti ọba ńlá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kúrò nínú ayò, kí wọ́n fi Mórò mẹ́rin rọ́pò wọn. Agbára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Bí méjì bá pàdé, èyí tí wọ́n jù sílẹ̀ kẹ́yìn ló jẹ. Wọ́n ṣì ń ta á ní Bologna. Ẹni tó bá fẹ́ ya káàdì Mórò tuntun, tàbí tó fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.