Ọmọ Tó Jìnnà Sí Òbí: Láti Ìwé ABD Títí Dé Ẹ̀kọ́ Orí Fóònù

  Admin yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè gbọ́ ohùn, ọ̀rọ̀ náà nìyí lẹ́sẹẹsẹ, ẹ kà á nígbà tí ọjà bá dá.

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé láti bí ọ̀sẹ̀ méjì: "Admin, ibo lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ ti lè kàwé, tí kò ní í ba ọmọ jẹ́?" Mo máa dáhùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ orúkọ áàpù nìkan ni mo kà sílẹ̀, ẹ ó kàn gbé e sórí fóònù ọmọ, ẹ ó padà sídìí páálí mílíìkì àti àpò ṣúgà yín, ó tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn sí òbí, tí a sì fẹ́ kó mọ̀wé, kì í ṣe tòní. Ìtàn rẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kì í ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé ni nígbà náà. Ní 1822 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ABD. Nígbà tó di 1843, wọ́n tẹ ìwé tó fi kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde ní London. Ní January 1844, ó wàásù ní èdè Yorùbá níwájú àwọn èèyàn wa ní Freetown. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: Freetown ni mo wí, kì í ṣe Ọ̀yọ́, kì í ṣe Abẹ́òkúta. Àwọn tí wọ́n jìnnà sílé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èdè wa sínú ìwé. Ẹni tó wà nílé lè rò pé èdè ò lè sọnù. Ẹni tó wà lájò ló mọ̀ pé ó lè sọnù.

Crowther kò rí ìyá rẹ̀ títí di 1846, ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 gbáko. Ó dùn mọ́ni pé nígbà tí wọ́n pàdé, ọmọ ṣì lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìyẹn, ní December 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ohun tó ń wá ni kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára, kí wọ́n máa fúnra wọn wá ìmọ̀ nínú ìwé. Ẹ wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí: ìwé ti wà, àmọ́ wọ́n ṣì ní láti kọ́ èèyàn kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí nǹkan wà lọ́wọ́ ọmọ àti kó mọ́ ọmọ lára.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Kano. Ní 1911 ni ojú irin láti ìhà gúúsù dé ìlú yìí. Láàárín àwọn ọdún náà ni ìjọba amúnisìn la Sabon Gari kalẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, fún àwa tí a wá láti ibòmíràn. Oníṣòwò bá ọkọ̀ ojú irin wá, akọ̀wé ojú irin náà wá, gbogbo wọn sì ń bímọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ṣèlérí fún àwọn Ẹ́míà pé àwọn ò ní í jẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì ya wọ ilẹ̀ wọn bó ṣe wù wọ́n. Bẹ́ẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì yẹn gan-an ló ń dá ilé ìwé sílẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ilé ìwé pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó wà nílé, ó sì kéré níhìn-ín.

Kí ni àwọn bàbá wa ṣe? Wọn ò jókòó máa retí ìjọba. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi gbé ìjọ wọn dání wá sí òkè Ọya, wọ́n tún gbé e dé Ghana pàápàá. Kì í ṣe òyìnbó ló rán wọn, ọjà ni wọ́n bá lọ. Níbi tí wọ́n bá ti pàtẹ ni wọ́n ti ń kóra jọ. Bíbélì Yorùbá sì ti pé lódindi láti 1884, ìyẹn ni pé ìwé tó tóbi tó, tó sì wà lédè wa, ti wà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní kíkà. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wa, ilé kéwú ti wà tipẹ́, nígbà tó sì di 1923, àwọn ará Èkó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ kí ọmọ Mùsùlùmí lè rí ìwé kà láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò ó, ìjọ ni o, ilé kéwú ni o, ẹgbẹ́ ni o: àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kà á, tó ń ní "padà sẹ́yìn, tún un kà."

Lẹ́yìn èyí ni Alawiye dé, ìwé J. F. Ọdúnjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún, ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ní October 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ò kan ọmọ tó wà ní Kano, àwòrán tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ò sì lè dé ibí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "ṣé ká fi ọmọ ránṣẹ́ sílé ni àbí ká mú un dání" fi pẹ́ láàárín wa. Kò tíì tán títí dòní.

Kí n tó dórí fóònù, mo fẹ́ dá àwọn tó ń sọ pé Yorùbá á jẹ́ kí ọmọ dọ̀lẹ̀ lóhùn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí á máa sọ sí i. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ìdánwò kan kalẹ̀ ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o. Wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá tún ń dẹ́rù ba ọmọ nítorí èdè ilé rẹ̀, kó lọ gbọ́ ìtàn Mọdákẹ́kẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ lágbàáyé lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn náà ló bí i. Ní 2004, Salman Khan ń ṣiṣẹ́ ní Boston ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀, Nadia, wà ní New Orleans, ìṣirò ń dà á láàmú. Tí Khan bá ti ibi iṣẹ́ dé, á pe Nadia lórí fóònù, wọ́n á jọ ṣe é. Nígbà tí àwọn tó kù nínú ẹbí gbọ́, àwọn náà ní kó kọ́ ọmọ àwọn. Nígbà tí wọ́n pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò sórí YouTube ní 2006. Àwọn ọmọ náà ní àwọn fẹ́ràn fídíò yẹn, torí àwọn lè dá a dúró, kí àwọn tún un wò, láìsí pé ojú ń ti àwọn. Ní 2008 ó sọ ọ́ di Khan Academy, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Ẹ má gbàgbé o: fóònù àti ẹni tó ń béèrè "ṣé ó yé ọ?" ló kọ́kọ́ wà, kí fídíò tó dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn dé tó sún mọ́ wa. African Storybook bẹ̀rẹ̀ láti South Africa ní 2014. Ìtàn ọmọdé ló kún ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà, Yorùbá wà níbẹ̀, ẹ lè gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ní 2015, Kọ́lá Túbọ̀sún àtàwọn tó bá a ṣe é ṣí YorubaName.com, ibi tí ọmọ ti lè wá orúkọ rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ yín tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tó ń jẹ́ Babátúndé tí kò sì mọ ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú un lọ.

Nígbà tó di 2020, Kòrónà dé. Wọ́n ti ilé ìwé pa ní March, Kano náà di títì ní àárín April. Ìgbà yẹn ló hàn sí gbogbo wa pé kì í ṣe fóònù nìkan ló ń kọ́ ọmọ. Dátà ń fẹ́ owó, iná ń lọ, ọmọ mẹ́ta sì ń jìjà du fóònù kan. Ní 2022, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, UNICEF àti Microsoft gbé Nigeria Learning Passport jáde. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ní ilé ìwé Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe é kí ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí.

Apá kejì ọ̀rọ̀ nìyí o. Google gbé YouTube Kids jáde ní 2015, wọ́n ní ti àwọn ọmọdé ni. Ní 2017, ariwo ta káàkiri ayé pé àwọn fídíò burúkú wà níbẹ̀, tí wọ́n fi àwòrán kàtúùnù tí ọmọdé mọ̀ bò lójú. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí Google àti YouTube san 170 mílíọ̀nù dọ́là nítorí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí. Orúkọ "ti ọmọdé" tó wà lára páálí ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Oníṣòwò ni wá, a mọ èyí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Torí náà, ìdáhùn mi nìyí. Fún ìṣirò, Khan Academy, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ níbẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ilé ìwé wa gan-an. Fún ọmọ ọdún 2 sí 8, Khan Academy Kids. Fún iṣẹ́ ilé ìwé ti Nàìjíríà, Learning Passport. Fún kíkà Yorùbá, African Storybook. Ẹ gba ìtàn márùn-ún sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti dára, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ nílé.

Ẹ wá ṣe ohun tí Khan ṣe fún Nadia. Ẹ mú àkókò kan, bóyá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí ọmọ ka ojú ewé kan sókè sínú ohùn, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè má mọ̀wé, àmọ́ ó mọ Yorùbá ju gbogbo wa lọ. Òun ni kó jókòó tì í, kó tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì í pè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró wákàtí méjì nítorí ọkọ̀ ẹrù kan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọ́lé nílé lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Fóònù á bá yín gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kò ní í bá yín jókòó tì í.

Ẹni tó bá mọ ibòmíràn tó dára, tó ti fúnra rẹ̀ wo inú rẹ̀, kó fi síbí. Ẹ má fi ìjápọ̀ tẹ́ ò tíì ṣí wò ránṣẹ́, màá yọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa owó ilé ìwé àti àjọ. Ká sùn ire o.