Olórìṣà Kúbà àti Òmìnira ní Amẹ́ríkà
Títí di ọdún 1991, ẹlẹ́sìn kankan kò lè wọ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tí ń ṣèjọba Kúbà. Nígbà tí nǹkan bí 125,000 ènìyàn gba èbúté Mariel ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1980, àwọn tí ń bọ òrìṣà Yorùbá wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1987, ìlú Hialeah ní Florida fi òfin de fífi ẹran rúbọ. Ìjọ Lukumi Babalu Aye, tí Ernesto Pichardo, aṣíkiri láti Kúbà, ń darí, pe ìlú náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 1993, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ìjọ náà láre. Ìnilára kò tán níbi tí aṣíkiri sá sí. Ohun tí ó rí níbẹ̀ tí kò rí nílé ni adájọ́ tí ó lè dá ìjọba lẹ́bi.